Ìwé Tí Mo Kà Kí N Tó Mọ̀ Ọ́n Kà

Alága wa, ọ̀gá ilé ìkàwé, ẹ̀yin olùkọ́ yunifásítì, ẹ̀yin àlejò, mo kí yín tẹ̀yẹtẹ̀yẹ. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kọ́kọ́ bá mi yọ̀ ná. Ọmọ-ọmọ mi àgbà ti gbéyàwó. Àbúrò rẹ̀ obìnrin bí ọmọ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Bàbá aṣọ́nà wa náà ti fọmọ fọ́kọ. Ó ní òun ò lówó lọ́wọ́ mọ́, ẹ má dá a lóhùn.

Ó ti rẹ̀ mí nídìí iṣẹ́ ilé ìkàwé yìí, ìdí nìyí tí mo fi ń fẹ̀yìn tì lónìí. Orúnkún mi mọ àtẹ̀gùn ilé yìí ju ibùsùn mi lọ. Ní ìrọ̀lẹ́, èmi ni mo máa ń kó ìwé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá fi sórí tábìlì, tí mo máa ń kà wọ́n bí ẹni ń ka àwo, kí ọ̀gá lè mọ iye tí wọ́n lò. Ohun tó wà nínú wọn kò yé mi.

Ìyá Tíṣà ló là mí lójú, ní kíláàsì àwọn àgbà ní yàrá ẹ̀yìn. Ó di ọwọ́ mi mú mọ́ pẹ́ńsù títí mo fi kọ orúkọ ara mi. Ta ló tún ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀? Àìsàn ti dè é mọ́lé báyìí.

Dókítà, olùkọ́ yunifásítì tó jókòó níwájú yìí, wá ṣèwádìí nípa kíláàsì wa. Ó bi mí ní ohun tí mò ń ṣe kí n tó wọlé síbẹ̀. Mo ní, "Mo máa ń kàwé." Iye ni mo ń sọ, ọ̀rọ̀ ló gbọ́. Ìwádìí náà jáde nínú jọ́nà ńlá kan, ìwé tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń tẹ ìwádìí wọn sí, ní èdè òyìnbó. Àkótán rẹ̀ nìkan ni ọmọ-ọmọ mi rí kà fún mi lọ́fẹ̀ẹ́ lórí kọ̀ǹpútà: wọ́n ní ìyá àgbà kan ti mọ̀wé kà kó tó dé kíláàsì. Ṣé ẹ rí i? Wọ́n ti gba ògo iṣẹ́ Ìyá Tíṣà lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo fẹ́ rí ìyókù, bóyá wọ́n tún un ṣe nínú rẹ̀. Àwọn tó ni jọ́nà ń fowó lé owó lọ́dọọdún, agbára ilé ìkàwé wa ò ká a mọ́. Mo tọ Dókítà lọ. Ó tẹ̀ ẹ́ lórí ẹ̀rọ tirẹ̀, wọ́n ní kí òun náà sanwó. Ó ní, "Màmá, èmi tí mo kọ ọ́ gan-an ò rọ́nà wọlé." Ẹni tó sọ ọ́ ò rí i kà, ẹni tó kọ ọ́ ò rí i kà. Ta wá ni wọ́n kọ ọ́ fún?

Ọ̀gá ilé ìkàwé ló là á yé wa pé jọ́nà náà gbà kí òǹkọ̀wé fi ẹ̀dà ọwọ́ rẹ̀ sórí ìkànnì ilé ìkàwé wa lórí ayélujára, lọ́fẹ̀ẹ́ fún gbogbo ayé. Láàárọ̀ yìí ni Dókítà fi í síbẹ̀. Ó kọ àtúnṣe síwájú rẹ̀ ní èdè wa, mo sì fi ìka tọ̀ ọ́ lójú gíláàsì kọ̀ǹpútà: "Iye ìwé ni màmá ń kà. Ìyá Tíṣà ló kọ́ ọ ní ìwé kíkà."

Ẹ̀yin tí mo ti lé jáde nígbà tí a fẹ́ tilẹ̀kùn, ẹ foríjì mí. Ilé yìí ò ní dá páro. Ojú tí ẹ fi ń kàwé ò ní bàjẹ́. Ẹ ṣé o, ẹ ṣé gan-an. Ẹ bá mi tẹ ìwé náà pẹ̀lú àtúnṣe iwájú rẹ̀ ní lẹ́tà gàdàgbà fún Ìyá Tíṣà àti kíláàsì rẹ̀. Iye tí wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi kí n tó kà á lẹ́ẹ̀kan ni mo mú wá fún owó bébà: ẹgbẹ̀rún lọ́nà méjìlélógún náírà. Ẹ má wulẹ̀ tún un kà. Mo ti kà á.