Irun Dàda

Mo gbé ọmọ mi dání lórí bẹ́ǹṣì ọsibítù kan l'Ábẹ́òkúta, nígbà tí nọ́ọ̀sì kan dojú kọ ìyá àgbà tó gbé ọmọ ọmọ rẹ̀ wá. Ìgbẹ́ gbuuru ti mú kó rẹ ọmọ náà tẹnutẹnu.

"Mama, mo gún un lọ́wọ́, mo gún un lẹ́sẹ̀, mi ò rí iṣan. Orí ló kù. Ẹ jẹ́ n fá irun díẹ̀, kí n lè fi omi sí i lára."

"Dàda ni. A ò tíì ṣe sààrà rẹ̀."

"Ẹ̀yin Mama yìí! Bó bá kú, ta lẹ fẹ́ ṣe sààrà fún?"

Ìyá àgbà ṣí fìlà ọmọ náà fúnra rẹ̀.

"Fá a. Bí irun bá bínú, sọ fún un pé èmi ni mo rán ọ."