Àdúgbò Tí Kì Í Lo Iná

Má kí mi kú àjálù, àbúrò mi, jókòó. N ò sunkún, wojú mi, ó gbẹ. Láti ìgbà tí mo ti fọwọ́ kan ẹyin inú ẹ̀rọ tó ń bá mi sàba yìí, tí gbogbo rẹ̀ tutù, ni ara mi ti kú, àfi bíi pé ẹlòmíì ló ni ẹyin náà. Wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di òròmọdìẹ o. Ẹ̀rọ yìí ni mo ń jẹ lára rẹ̀ látìgbà tí ọkọ mi ti kú, o sì mọ̀.

Àwọn òṣìṣẹ́ iná wá tú tiransifọ́mà wa, wọ́n gbé e sẹ́yìn ọkọ̀. Mo bi ọ̀gá wọn pé kí la ṣe, ó ní ìwádìí ló fi hàn pé àdúgbò yìí kì í lo iná. Ìwádìí ta ni? Ó dárúkọ ọ́fíìsì yín, ó wá dárúkọ rẹ. Ìwọ, ọmọ ìyá mi, tí mo pọ̀n. Jẹnẹrétọ̀ tí télọ̀ gbé fún wa gbìyànjú títí, òun náà kú.

O ní ẹ to àwọn orílẹ̀-èdè ayé lẹ́sẹẹsẹ, ẹ rí i pé àwọn tó ń lo iná jù ni ọrọ̀ ajé wọn ń gbèrú jù. Ó dáa, n ò bá ẹ jà lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n bí o bá rí olówó tí aṣọ kún àpótí rẹ̀, ṣé aṣọ yẹn ló sọ ọ́ di olówó? O ní kí ni? O ní àwọn ọ̀mọ̀wé gan-an ṣì ń jiyàn lórí èyí tó ṣáájú nínú iná àti ọrọ̀, pé ó yàtọ̀ láti orílẹ̀-èdè kan sí èkejì? Ẹ ò tíì mọ̀ ọ́n, ẹ wá ní kí wọ́n tú tiransifọ́mà wa gbé fún àwọn tó ń lo iná jù?

Ìwọ náà gbé ibí. O mọ̀ pé iná wa ò lágbára, bí ẹni méjì bá tan nǹkan ńlá pọ̀, gílóòbù á kàn máa pọ́n bí ẹ̀yinná. Ìdí nìyẹn tí a fi ń lò ó níkọ̀ọ̀kan, tí a ń yọ̀ǹda rẹ̀ fúnra wa. Jórinjórin á jó irin tiẹ̀ láàárọ̀, á pa á, télọ̀ á wá tan áyọ́ọ̀nù. Bí ẹyin bá ti wà nínú ẹ̀rọ mi, onígbàjámọ̀ á pa ẹ̀rọ ìgẹrun rẹ̀, á padà sídìí àlùmọ́gàjí, ẹnikẹ́ni ò ní tan fíríìjì, wọ́n á ní ìyá ọlọ́mọ adìyẹ ń rọbí. Ẹni tí ẹ rán wá ka mítà dé, ó rí i pé mítà ń yí díẹ̀díẹ̀, ó ní oorun là ń sùn. Kò bi ẹnì kan. Ìwọ tí o mọ̀, o fọwọ́ sí i.

Níbo ni wọ́n gbé e lọ? Òkè lọ́hùn-ún, níbi tí ẹ̀rọ amúlétutù ti ń ṣiṣẹ́ nínú iyàrá tí èèyàn ò sí. Ìyẹn lẹ pè ní ọrọ̀ ajé tó ń gbèrú. Ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú ìwé kọ́bọ̀.

O ní wàá bá ọ̀gá rẹ sọ̀rọ̀. Bá a sọ̀rọ̀. Inú ò tiẹ̀ bí mi, ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù, torí ẹni tínú ń bí ṣì ń retí nǹkan ni.

Ṣùgbọ́n kó o tó lọ, bọ́ kóòtù yẹn. Abọ́ nìyí. Mo ti fọ́ díẹ̀ nínú ẹyin náà, ọwọ́ mi ò lè fọ́ ìyókù mọ́, àwọn ọmọ inú wọn ti hu ìyẹ́. Jókòó, bá mi fọ́ wọn. Èyí tó o bá fọ́, wò ó dáadáa, kó o wá lọ sọ fún wọn lọ́fíìsì ohun tí a ń fi iná ṣe.