Ọjọ́ Tí Bàrákàt Pè Mí ní Ilésanmí

Alága wa, Alhaja Mìsítúrà, ẹ̀yin tí ẹ ti bá wa gun kẹ̀kẹ́ dé gbogbo ilé ọtí abúlé ní Kent láì mu ju omi ọsàn lọ, mo kí yín. Ọlábọ̀wálé, akọ̀wé wa, mo kí ìwọ àti ṣòkòtò tó fún mọ́ ọ lára yẹn. Ẹ̀yin àgbà ẹgbẹ́, tí orúnkún máa ń dùn yín tí òkè bá dé, tí ìrora náà sì máa ń fò lọ tí ẹ bá ti rí pátákó pọ́ọ̀bù lọ́ọ̀ọ́kán, mo kí yín. Ẹ̀yin ìyàwó àtọkọ tí ẹ wá wò ó bóyá kẹ̀kẹ́ là ń gùn lóòótọ́, ẹ káàbọ̀. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fìdí mọ́lẹ̀. Wọ́n ní kí n má pẹ́ lórí ìdúró. Àbí wọn ò mọ̀ mí ni?

Lónìí ni mo ń fi ipò balógun ẹgbẹ́ kẹ̀kẹ́ yìí sílẹ̀. Bọ́ọ̀sì ni mo fi ọjọ́ ayé mi wà, láti Catford lọ sí àárín ìlú, àtàárọ̀ dalẹ́ lórí ìjókòó. Nígbà tí dókítà ní kí n máa lo ara mi, mo ra kẹ̀kẹ́, ẹ sì bá mi jáde láti Peckham Rye. Ìlera la wá, ẹ ò rántí? Ta ló wá mú ọtí wọ ọ̀rọ̀ ìlera? Ọlábọ̀wálé ni. Ó ní èyí tí wọ́n ń fọwọ́ fà látinú àgbá, tí kò ní gáàsì, kì í ṣe bíà lásán, real ale ni, ó ń ṣe ẹ̀jẹ̀ lóore. Láti ọjọ́ náà ló ti ń gbóòórùn ife kó tó mu ún, bí ẹni tó ń wò ó bóyá ọbẹ̀ àná ti kan. Á ní òun gbọ́ òórùn òdòdó nínú rẹ̀. Òdòdó wo? Ọkùnrin tí ata ti pa ẹnu ẹ̀ kú!

Alhaja, mo gbọ́dọ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Ẹja díndín yín ló mú wa dé ibi tí a dé. Ẹ rántí onípọ́ọ̀bù tó ní a ò gbọdọ̀ jẹ oúnjẹ tí a gbé wá láti ilé? Ẹ wò ó tókè tilẹ̀, ẹ fún un ní ìrù ẹja kan. Nígbà tí a padà lọ, kò kí wa kó tó béèrè ẹja.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ ti òfin wa. Ẹ̀yin lẹ ṣe é, èmi kọ́: ẹnì kan kò gbọdọ̀ ya àgbà sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Àwọn òyìnbó á máa kọjá lára wa fìrì fìrì, àwa á tò tẹ̀lé ara wa bí ọjọ́ orí ṣe rí, bí ẹni ń lọ tọrọ ìyàwó. Nítorí náà, tí mo bá ṣìnà, gbogbo wa la ṣìnà. Mo kó yín wọ ọgbà ẹlẹ́dẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ẹlẹ́dẹ̀ ń wò wá, àwa náà ń wò ó, àwọn Mùsùlùmí inú wa ń ká aṣọ sókè. Ọlábọ̀wálé ní máàpù nínú fóònù! Mo ní, "Kí ló dé tí o ò sọ̀rọ̀?" Ó ní, "Mo rò pé ẹ fẹ́ gba ẹ̀yìn ni, sà."

Èmi náà ń bínú sí ìjọba òyìnbó pé pátákó ojú ọ̀nà wọn ti kéré jù. Mo ní kùrukùru pọ̀ jù ní Kent. Ẹ ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà, ó pọ̀." Nínú oṣù Keje, tí oòrùn ń sun wá lórí! Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni dókítà tó sọ fún mi pé àrùn ti ń jẹ ojú mi láti ẹ̀gbẹ́. Ẹ̀yin ti mọ̀ ṣáájú dókítà. Ó dùn mí o. Ó ṣì ń dùn mí.

Ẹ wá jẹ́ ká sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè tí ẹ ò fẹ́ kí n dárúkọ lónìí. Dókítà ò tíì sọ ti ojú mi nígbà náà. À ń sáré lọ sí pọ́ọ̀bù tó wà nísàlẹ̀, èmi ni mo wà níwájú. Ọ̀nà wa já sí títì ńlá, mi ò rí i. Lọ́rì tó kó koríko gbígbẹ ń bọ̀, mi ò rí i. Gbogbo yín rí i. Mo gbọ́ yín lẹ́yìn mi: "Ẹ rọra, sà." Ẹ rọra! Bí ẹni tó ń kí aboyún!

Bàrákàt, nọ́ọ̀sì, ọmọ tí wọ́n bí sí Stockwell, ló wà lẹ́yìn pátápátá torí òun ló kéré jù. Ó ya gbogbo yín sílẹ̀. Ó pariwo, "Uncle! Uncle!" Uncle kún ojú ọ̀nà, mo rò pé ẹlòmíì ló ń pè. Ló bá lanu, ó ní, "Ilésanmí! Bíréèkì!" Háà! Láti ìgbà tí ìyá mi ti kú, ta ló pè mí bẹ́ẹ̀ rí? Ìbínú ni mo fi tẹ bíréèkì. Ó fa ẹ̀wù mi, àwa méjèèjì ṣubú sínú èsìsì. Lọ́rì kọjá, atẹ́gùn ẹ̀ gbé fìlà mi lọ.

Kí lẹ wá ṣe? Ẹ gbọn eruku ara mi. Ẹ ní pẹ̀lẹ́, sà. Kí ìfófòó ọtí yín tó lọ sílẹ̀, ẹ ti pe mítíìnì. Ẹ ò sọ̀rọ̀ lọ́rì. Orúkọ lẹ ń sọ! "Ó pe àgbà lórúkọ. Ó ya Balógun sílẹ̀." Ẹ lé ọmọ náà kúrò nínú ẹgbẹ́ títí tó fi máa kúnlẹ̀ bẹ̀bẹ̀. Mo bá yín jà, ẹ ní ọlá mi lẹ ń dáàbò bò. Tí lọ́rì bá ti gbé mi, ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ̀ bá ti ka gbogbo oyè mi pé pérépéré lórí pósí!

Lónìí ẹ ṣí aṣọ lórí ẹ̀bùn ìdágbére mi. Kí ni mo rí? Kẹ̀kẹ́ tuntun! Ó pupa, ó ń dán, ẹ ṣeun. Ṣé ẹ mọ bí mo ṣe gun àtẹ̀gùn gbọ̀ngàn yìí? Bàrákàt ló fà mí lọ́wọ́ dé ẹnu ọ̀nà. Ó wà nínú mọ́tò níta báyìí, nítorí òfin yín.

Alhaja, níwájú gbogbo èèyàn, mo bi yín: ṣé mo lè gun kẹ̀kẹ́ yìí?

Ẹ má wolẹ̀. Ọlábọ̀wálé, má wulẹ̀ sọ pé "pẹ̀lú àdúrà, sà." Mo ń dúró.

Kí lẹ wí, Alhaja? Ẹ gbé ohùn sókè kí àwọn ará ẹ̀yìn gbọ́.

"Rárá, Ilésanmí. Ojú yín ò gbé e mọ́."

Ẹ gbọ́ o! Alága pè mí lórúkọ, òrùlé ò sì wó. Ọlọ́run á bá mi bù kún yín, Alhaja. Ẹ jẹ́ kí n gbàdúrà fún gbogbo yín: ẹ ò ní ṣàìrí ẹni tó máa ké mọ́ yín kí lọ́rì tó dé. Ẹ ò ní fi pẹ̀lẹ́ sin ara yín. Ẹgbẹ́ yìí ò ní parẹ́, orúnkún yín á dá ṣáká.

Ọlábọ̀wálé, dìde. Sọ̀kalẹ̀ lọ sídìí mọ́tò, sọ fún balógun wa tuntun pé à ń dúró dè é. Tó bá ní o gbọ́dọ̀ bẹ òun, bẹ̀ ẹ́ dáadáa. Mi ò ní jókòó títí ẹ ó fi jọ wọlé. Ẹ ṣé o, ẹ̀yin èèyàn mi.