Lórí Ẹní Lẹ́nu Ọ̀nà ni Ọlọ́run ti Gbọ́ Mi

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ẹ kú ìjókòó o. Kí n tó sọ ohunkóhun, ẹ jẹ́ kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ Ẹni tí kò jẹ́ kí ẹ̀rù pa mí. Ìyá Tómi tí ẹ ń wò tó ń rẹ́rìn-ín yìí, oorun ti kúrò lójú mi rí. Ẹ ṣé, Jésù!

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ, ọ̀rọ̀ obìnrin ni. Ẹ̀yin bàbá, ẹ má dìde, ẹ̀yin náà wà nínú ẹ̀.

Gbogbo yín lẹ mọ ohun tí ojú mi rí nígbà tí mo bí Ìbùkún, ọmọ mi kẹrin. Ẹ̀jẹ̀ kọ̀, kò dá. Àfìgbà tí wọ́n gbé mi dìgbàdìgbà lọ sí Adó. Dókítà pe ọkọ mi sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ní, "Bàbá, ó tó o. Bí ìyàwó yín bá tún lóyún, n ò lè ṣèlérí pé ẹ ó mú un padà délé." Bàbá Tómi fúnra rẹ̀ ló mú mi lọ sí hẹ́lítì sẹ́ńtà ní Aramọkọ níbí, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba abẹ́rẹ́ ìfètòsọ́mọbíbí, èyí tí wọ́n ń gbà ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta.

Àfi bí kòkó ṣe pọ́n! Lásìkò tó yẹ kí n padà lọ gba òmíràn, oko la wà, à ń fọ́ kòkó, à ń sá a. Mo pẹ́ díẹ̀ kí n tó lọ. Oṣù tó tẹ̀ lé e, mo retí nǹkan oṣù mi, n ò rí i. Mo ní bóyá ó kàn fẹ́ pẹ́ ni. Oṣù kejì, n ò rí i. Hàà! Àyà mi já.

Ẹ mọ òfin ìjọ wa. Obìnrin tó bá ń ṣe nǹkan oṣù kì í wọlé, ẹnu ọ̀nà lóde níbẹ̀ yẹn la máa ń tẹ́ ẹní sí fún un. Ẹ̀yin ìyá, ẹ má ṣe bí ẹni pé ẹ ò mọ̀, ojú yín kì í kúrò lára ẹní yẹn. Bí wọn ò bá ti rí obìnrin níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó parí, ikùn rẹ̀ ni wọ́n á máa wò. Sọ́ńdè kan báyìí, Ìyá Akọrin gbá mi nídìí, ó ní, "Ìyá Tómi, a ò rí ọ lóde mọ́ o! Ṣé ká máa ra ọṣẹ ọmọ ni?" Mo bá a rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì ni mo ti lọ sunkún.

Ọgbọ́n tí mo wá dá rèé, ẹ má bú mi o. Ní Sọ́ńdè kejì, tí kò sí nǹkankan lára mi, mo lọ jókòó sórí ẹní. Ẹ ń jó nínú ilé, ẹ ń pàtẹ́wọ́, èmi ń gbọ́ yín láti ojú fèrèsé. Mo bẹ̀rẹ̀ àdúrà: "Olúwa, jọ̀wọ́, má jẹ̀ẹ́ kó jẹ́ oyún." Bí mo ṣe sọ ọ́ tán, ojú tì mí. Nínú ìjọ yìí kan náà la ti ní àwọn arábìnrin tó ń fi omijé wá ọmọ. Ta ni mí tí mo ń bẹ Ọlọ́run pé kó má fún mi? Ṣùgbọ́n bí mo bá rántí àwọn ọmọ mi mẹ́rin, n ò lè gba àdúrà mìíràn.

Ìyá Ìjọ wa tó jókòó síwájú yìí ni Ọlọ́run lò. Mo ṣáà rí i tí wọ́n jáde wá nígbà tí ìsìn ń lọ lọ́wọ́, wọ́n ká sùtánà wọn sókè, wọ́n jókòó tì mí. Wọ́n ní, "Kí ló ń ṣe ọ́? Nǹkan oṣù kì í pani lẹ́kún báyìí." Mo tú gbogbo ẹ̀ sílẹ̀: abẹ́rẹ́, ẹ̀rù, irọ́ tí mo ń pa. Mo ń retí kí wọ́n bá mi wí, torí n ò gbọ́ ọ rí kí ẹnikẹ́ni dárúkọ abẹ́rẹ́ yẹn nínú ìjọ wa.

Wọ́n di ọwọ́ mi mú. Wọ́n ní, "Èmi ni mo gbé orí rẹ lé itan nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ tí o bí Ìbùkún. Ẹ̀jẹ̀ rẹ wà lára aṣọ mi. Ṣé o rò pé mo fẹ́ tún rí i?" Wọ́n gbàdúrà fún mi jẹ́jẹ́, kò sí ariwo. Wọ́n wá ní, "Láàárọ̀ ọ̀la, wá bá mi lúlé. A jọ ń lọ sí hẹ́lítì sẹ́ńtà ni."

Nọ́ọ̀sì gba ìtọ̀ mi, ó ṣe tẹ́ẹ̀sì. Ẹ̀yin ará, ìdúró yẹn gùn ju ìṣọ́ òru lọ! Ó jáde, ó ní, "Màmá, kò sí oyún níbẹ̀ o." Mo ní kó tún un ṣe. Ó tún un ṣe, ọ̀kan náà ni. Ó ní pípẹ́ tí mo pẹ́ kò tíì kọjá ààlà, pé abẹ́rẹ́ yẹn gan-an ló máa ń dá nǹkan oṣù dúró lára ọ̀pọ̀ obìnrin, kì í ṣe àrùn, kì í ṣe pé ẹ̀jẹ̀ ń kó jọ síkùn bí wọ́n ṣe ń wí. Ẹni tí ẹ̀rù bá ń bà, kó ṣáà wá ṣe tẹ́ẹ̀sì. Ìyá Ìjọ ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o ò lè ti sọ èyí fún un lọ́jọ́ tí o gún un lábẹ́rẹ́?" Nọ́ọ̀sì ní òun sọ ọ́. Ó lè jẹ́ lóòótọ́. Bóyá abẹ́rẹ́ ni mò ń wò.

Mo délé, mo sọ fún Bàbá Tómi. Ẹ mọ̀ ọ́n, kì í sọ̀rọ̀. Láti ìgbà tí mo ti sọ fún un pé n ò rí nǹkan oṣù, kò fèsì ju "ó dáa" lọ, mo sì ti ń bínú pé kò bìkítà. Ó dìde, ó bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, ó ní, "Jókòó. Èmi ni n ó gún uyán lónìí." Ọkọ mi, tí kò fọwọ́ kan ọmọ odó rí látìgbà tó ti fẹ́ mi! Ó ń gún un, ó ń sunkún. Iyán yẹn kún fún kókó, ẹ̀yin ará Èkìtì, a sì jẹ ẹ́ tán pátá!

Ẹ jẹ́ kí n má fa ọ̀rọ̀ gùn. Ẹ̀yin arábìnrin tí ẹ ń wá ọmọ, mo ń gbàdúrà fún yín, n ò sì ní dákẹ́. Ohun tí a ń bèèrè kò jọra, Ọlọ́run kan náà ló ń gbọ́. Ó yá, Tómi, Ayọ̀, Dámi, Ìbùkún, ẹ dìde dúró. Ìjọ Ọlọ́run, ẹ bá mi wò wọ́n. Ẹ bá mi yọ̀, ẹ bá mi fi ògo fún Ọlọ́run. Wọ́n ṣì ní ìyá!