Pákó Tó Wà Lára Pẹ́dà Kílọ́ọ̀ṣì

Nígbà tí owó epo rọ̀bì dé, tí gbogbo òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ń ra ọkọ̀ tuntun, arákùnrin kan tó de táì gbé ọkọ̀ ìjàpá àtijọ́ wá sọ́dọ̀ mẹkáníìkì wa ní Máfólúkù, wáyà kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ti já.

"Ọ̀gá, ta ló kan pákó mọ́ pẹ́dà yìí?"

"Ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ ni jàre. Ó ti kú. Ẹ bá mi yọ ọ́ dànù, wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ní ọ́fíìsì."

"Á jẹ́ pé ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ kúrú. Ẹ wò ó, ó tún fi rọ́bà táyà bò ó, kí ẹsẹ̀ má baà yọ̀. Ẹni tó ń gbé ọmọ sẹ́yìn ọkọ̀ ló máa ń fara balẹ̀ tó báyìí."

Arákùnrin náà bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ pa rọ́bà náà.

"Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀. Bàbá mi ni."

"Háà! Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ọlọ́run á tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere."

Gbogbo wa tí a jókòó níbẹ̀ ṣe àmín. Òun nìkan ni kò ṣe é.

"Ọ̀gá, ẹ ò ṣe àmín?"

"Ẹ̀gbọ́n, wọn ò tíì kú. Wọ́n wà nílé l'Ókè-Àfà, wọ́n ń retí ọkọ̀ wọn."