Èmi Ni Mo Pààrọ̀ Táyà Àbúrò Mi

Ẹ sún mọ́ mi o, ẹ̀yin ìyá tí a jọ ń sáré nínú kíláàsì àwọn ìyá, ẹ̀yin tí a jọ wà ládùúgbò àti ẹ̀yin ọ̀nà jíjìn tó jẹ́ pé ohùn yín nìkan ni mo mọ̀ nínú ẹ̀rọ etí. Ẹ pe àwọn ọmọ yín náà kí wọ́n wá jókòó. Ẹni tó bá gbé nǹkan kaná, kó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ná. Òótọ́ tí mo fi pa mọ́ sínú ti rà, kò jẹ́ kí n mí mọ́. Èmi tẹ́ ẹ̀ ń pè ní Ìyá Olórin, èmi ni olè táyà. Kì í ṣe àbúrò mi. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ kẹ́ ẹ má baà rò pé ẹ ṣì í kà: kì í ṣe àbúrò mi.

Mi ò kàwé púpọ̀. Ìwé kejì ni mo kà tí wọ́n fi ní kí n wá máa pọn àbúrò mi yìí, kí ìyá wa lè ráyè ṣiṣẹ́. Bí ìkọ̀wé mi bá wọ́, ẹ fara dà á. Èmi tí mo kọ ọ́ gan-an ló wọ́ jù.

Ọmọ mi ọkùnrin ló ni ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń fọ mọ́tò. Gbogbo àga ibẹ̀ ló ní sìtíárì, bíréèkì lẹ́sẹ̀, àti gílásì ńlá níwájú. Bó o bá ti jókòó, o di awakọ̀ káàtì nìyẹn, mọ́tò pẹlẹbẹ tí kò lórùlé, tí ìdí ẹni fẹ́rẹ̀ẹ́ máa gbálẹ̀. Inú ilé lo wà o, ṣùgbọ́n ara ò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Láàárọ̀ tí àwọn ọ̀dọ́ bá ti lọ síbi iṣẹ́, ṣe ni ibẹ̀ máa ń dá. Ọmọ mi bá ní, "Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ pe àwọn ọ̀rẹ́ yín wá, kí oríkèé yín má baà gan." Àbúrò mi, télọ̀ tí gbogbo àdúgbò mọ̀, ló kọ́kọ́ tẹ̀ lé mi. Kò pẹ́ tí àwọn ìyá ìlú mìíràn fi ń bá wa sáré láti ṣọ́ọ̀bù tiwọn. Ha, ayé dùn! Èmi tí mò ń di ògiri mú kí n tó dìde, mò ń gba kọ́nà bí ẹni tí iná ń lé. Mo sì ń kọrin:

Ta ló ń bọ̀ lẹ́yìn yẹn o?
Ẹ jẹ́ kó máa bọ̀.
Kí ni yóò jẹ lónìí o?
Èéfín mi ni yóò jẹ.

Nínú eré yìí, ẹni tó bá ṣí kíláàsì, ìyẹn agbo tó fẹ́ jọ sáré, ló ń ṣòfin rẹ̀. Ó lè yan ẹ́ńjìnnì kékeré tàbí ńlá. Ó lè ní kí ẹni tó fúyẹ́ gbé irin sínú káàtì kí ìwúwo gbogbo wa lè dọ́gba. Ó sì lè yan táyà. Táyà líle a máa yọ̀ ní kọ́nà, ṣùgbọ́n táyà rírọ̀, èyí tó ní ìlà pupa létí, ṣe ló máa ń di ilẹ̀ mú bí ọmọ ọwọ́ ṣe ń di ìyá rẹ̀ mú. Ọmọ mi ní kíláàsì àwọn ìyá ò gbọdọ̀ ní wàhálà nínú: ẹ́ńjìnnì kan náà, ìwúwo kan náà, táyà líle fún gbogbo wa, kó jẹ́ pé ọwọ́ ẹni ni yóò borí. Ó kọ́ mi bí mo ṣe máa ṣí i láràárọ̀, torí àwòrán ló pọ̀ níbẹ̀. Àwòrán ẹ́ńjìnnì, àwòrán táyà, àti àgádágodo kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Tí àgádágodo bá wà ní títì, kò sẹ́ni tó lè yí nǹkan padà," ló wí. "Tó bá wà ní ṣíṣí, kálukú lè lọ mú èyí tó wù ú. Màmá, ẹ rí i pé ẹ tì í o."

"Mo ti gbọ́. Ṣé ọmọdé ni mí ni?"

Àbúrò mi bá bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀yìn mi gbálẹ̀. Àbúrò tí mo pọ̀n! Bó ṣe máa ń darí aṣọ lábẹ́ abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ ló ṣe ń yí sìtíárì, jẹ́jẹ́, kì í fà á tu. Tó bá fẹ́ kọjá mi, a ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ìjókòó o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yà fún mi díẹ̀." Gbogbo ẹ̀rọ etí a hó fún ẹ̀rín. Èmi náà a rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n mò ń ka iye ìgbà tó kọjá mi, ó sì ń dùn mí. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo ti àgádágodo ẹ́ńjìnnì, mo ti ti ìwúwo, mo sì fi ti táyà sílẹ̀ gbayawu. Táyà líle ló wà lábẹ́ káàtì gbogbo yín, ẹ ò sì mọ̀ pé ẹ lè pààrọ̀ rẹ̀. Èmi nìkan ni mo mọ̀. Mo lọ mú onílà pupa.

Ẹ rántí bí mo ṣe ń fò nígbà yẹn? Ẹ rántí tí ẹ ń bi mí ohun tí mò ń jẹ? Mo ní orin ni. Táyà ni, orin kọ́!

Àwọn kan nínú yín fura. Rẹfirí wa, ẹni tó ti fi ìgbà kan wa ọkọ̀ akẹ́rù, pè wá sínú ẹ̀rọ etí láàárọ̀ eré tó kẹ́yìn. Ó ní, "Mo ti wo àwòrán eré tó kọjá. Káàtì pupa kan ń fi táyà rírọ̀ sáré. Ṣọ́ọ̀bù Ìyá Olórin ló ti wá. Àwọn méjì ló ń gun pupa níbẹ̀, mi ò sì lè sọ èyí tó jẹ́ nínú wọn. Lẹ́yìn eré òní, màá yẹ táyà gbogbo yín wò. Tí mi ò bá rí ẹni náà, màá lé ṣọ́ọ̀bù náà kúrò pátápátá."

Àwa méjèèjì nìkan náà ni: èmi àti àbúrò mi. Bí mo bá ti àgádágodo náà pa, wọn ò ní rí ẹnì kankan mú, wọ́n á sì lé ṣọ́ọ̀bù ọmọ mi. Bí mo bá fi táyà rírọ̀ sílẹ̀ lábẹ́ káàtì mi, orúkọ mi bàjẹ́. Àbúrò mi dìde, ó lọ tọ̀. Mo wo ẹnu ọ̀nà. Mo na ọwọ́ sí gílásì iwájú àga rẹ̀. Ìka kan péré ni mo fi tẹ àwòrán táyà, ìka tí mo fi ń nukun imú rẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọdé. Ìlà pupa yọ létí táyà rẹ̀. Mo dá tèmi padà sí líle.

Ó padà dé, ó ń nu ọwọ́ sára aṣọ. "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé kò sí o? Ojú yín ò dáa."

"Kò sí nǹkan kan. Jókòó, ká sáré."

Ẹ̀yin náà gbọ́ bó ṣe ń pariwo ayọ̀ lọ́jọ́ náà. "Ẹ wo káàtì mi! Ó ń gbọ́ràn sí mi lẹ́nu lónìí!" Kò mọ̀. Ó ń yọ̀ sórí ohun tí mo fi de é. Ó gba ipò kìíní, ó bọ́ sílẹ̀, ó ń jó. Rẹfirí bá ní, "Télọ̀, táyà rírọ̀ ló wà lábẹ́ rẹ. Mo yọ orúkọ rẹ."

Ó yíjú sí mi. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi sọ fún wọn. Mi ò mọ ibi tí wọ́n ti ń pààrọ̀ táyà. Ẹ̀yin ni ẹ máa ń ṣí i láràárọ̀. Ẹ sọ fún wọn!"

Gbogbo yín ń retí ọ̀rọ̀ ẹnu mi. Ẹ̀rù bà mí pé bí mo bá sọ̀rọ̀, ohùn mi á tú mi fó. Tóò, ohun tí mo mọ̀ ọ́n ṣe nìkan ni mo ṣe. Mo dá orin:

Táyà rẹ rọ̀ o, ojú rẹ le.
Télọ̀, ojú rẹ le.

Ẹ̀yin náà bá gbè é. Mi ò dá yín lẹ́bi, èmi ni mo lé e. Orin náà jáde kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, ó dé ibi tí wọ́n ti ń fọ mọ́tò, ó dé ẹnu àwọn ọmọ iléèwé. Bí àbúrò mi bá ń kọjá, wọn a máa kọ ọ́. Oníbàárà kan ní òun ń bọ̀ wá wọn aṣọ òun wò bóyá kò dín. Àbúrò mi pa ẹ̀rọ ìránṣọ dé, ó ní òun ń lọ máa gbé lọ́dọ̀ ọmọ òun obìnrin, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti mọ òun.

Láàárọ̀ tó ń lọ, mo se ìrẹsì àti ẹja fún àwọn tó wá kí i pé ó dìgbóṣe. Mo gbé báàgì rẹ̀ dé ìdí ọkọ̀. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò bínú sí yín nítorí orin yẹn o. Mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín ni, kí wọ́n lè fi mí sílẹ̀."

Áà! Ì bá sàn kó gbá mi létí. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú ọkọ̀, mo jẹ́wọ́ ohun gbogbo lójú gbogbo ènìyàn. Ọmọ mi gbé ọwọ́ lérí. Àbúrò mi jókòó sórí báàgì rẹ̀.

Ó ní, "Táyà rírọ̀ yẹn. Ṣé ó dùn bẹ́ẹ̀ ni?"

"Ó dùn, àbúrò mi. Ó dùn jù."

"Mo mọ̀. Èmi náà gbádùn ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn." Ó bá bú sẹ́kún, èmi náà bú sẹ́kún. Lẹ́yìn náà ló nukun nù. "Màá dúró. Ṣùgbọ́n mi ò ní fọwọ́ kan sìtíárì títí gbogbo àwọn tó gbe orin yẹn fún yín á fi gbọ́ òótọ́ lẹ́nu yín. Kì í ṣe àdúgbò nìkan. Gbogbo wọn."

Ohun tí mò ń ṣe nìyí. Rẹfirí, mo bẹ̀ ọ́, dá orúkọ rẹ̀ padà, kó o sì yọ tèmi. Ẹ̀yin ìyá, ẹ forí jì mí. Ẹ̀yin ọmọ, bí ẹ bá rí àgádágodo tó wà ní ṣíṣí, tó jẹ́ pé ẹ̀yin nìkan lẹ mọ̀, ẹ pariwo síta kíá, kí ọwọ́ yín tó dé ibẹ̀. Àbúrò mi ni yóò máa ṣí kíláàsì láàárọ̀ báyìí. Màá jókòó sí ẹ̀yìn, màá máa kọrin ara mi: ojú mi le o, Ìyá Olórin, ojú mi le.

Lọ́jọ́ náà, awakọ̀ tó fẹ́ gbé àbúrò mi ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ láàárín ẹkún wa. Ó ní, "Ẹ̀yin màmá, bí ìrìn àjò ò bá sí mọ́, ìrẹsì ìdágbére yẹn ńkọ́?" Ẹ̀rín pa gbogbo ilé. Ó gbé báàgì padà wọlé, a bu oúnjẹ fún tẹrú tọmọ, wọ́n jẹ, wọ́n lá ọwọ́, kálukú yó, wọ́n sì lọ sílé wọn. Èmi ò lè jẹ. Nígbà tí ilé dá, àbúrò mi bu tèmi, ó mú ẹja tó tóbi jù lé e lórí, ó gbé e síwájú mi. "Ẹ jẹun," ló wí. "Ẹ máa nílò agbára. Ẹ ní nǹkan láti kọ."