Bọ́kẹ́ẹ̀tì Kì í Sùn Lókè

[Fóònù ń dún. Ariwo ẹ́ńjìnnì ńlá.]

BỌ̀Ọ̀DÁ: Hẹ́lò! Àbúrò mi!

ÀBÚRÒ: Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ káàsán o. Ẹ kú ìrìn. Ibo lẹ dé?

BỌ̀Ọ̀DÁ: O kú ilé. Bọ́ọ̀sì wa ò kúrò lójú kan. Wọ́n ń tún títì ṣe níwájú, katakata ńlá kan ló dábùú ọ̀nà, ó ń— ṣé o gbọ́ mi?

ÀBÚRÒ: Mo gbọ́. Ìyàwó ńkọ́? Àwọn ọmọ?

BỌ̀Ọ̀DÁ: Wọ́n wà. Bàbá ńkọ́?

ÀBÚRÒ: Màámi wà. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó báyìí.

BỌ̀Ọ̀DÁ: Bàbá ni mo béèrè.

ÀBÚRÒ: Ẹ jọ̀ọ́, katakata kékeré tí Bàbá fọwọ́ ṣe yìí, kí ni wọ́n fi ń gbé apá ẹ̀ sókè sódò?

BỌ̀Ọ̀DÁ: Ìwọ! Má fọwọ́ kàn án o! Wàá kó bá ara ẹ.

ÀBÚRÒ: [ẹ̀rín díẹ̀] Ẹ̀yin náà mọ̀. Wọ́n fẹ́ràn ẹ̀ ju àwa ọmọ lọ.

BỌ̀Ọ̀DÁ: Agolo mílíìkì wo ló dé ààtàn rí nílé yẹn? Wọ́n wa gidi ẹ̀ títí ẹ̀yìn fi kọ̀, ni wọ́n bá jókòó ti kékeré. Ìṣó ni eyín ẹ̀, ṣéènì kẹ̀kẹ́ ni ẹsẹ̀ ẹ̀. Kò sí ohun tí gidi ń ṣe tí kò lè— kí ló dé tó o fi ń béèrè?

ÀBÚRÒ: Wọn ò sọ̀rọ̀ mọ́.

BỌ̀Ọ̀DÁ: Ta ni?

ÀBÚRÒ: Láti àárọ̀. Nọ́ọ̀sì ti wá. Ó ní ká pe ẹni tó bá yẹ ká pè.

[Ariwo ẹ́ńjìnnì.]

BỌ̀Ọ̀DÁ: Kò já geere. Kí lo wí? Ṣé o gbọ́ mi?

ÀBÚRÒ: Mo ní Bàbá ń lọ, Bọ̀ọ̀dá mi. [Ẹkún.] Wọn ò kàn lè sinmi ni. Ọwọ́ wọn ni. Wọ́n tẹjú mọ́ tábìlì, ọwọ́ ò yéé lọ. Màámi ní ìrora ni.

BỌ̀Ọ̀DÁ: Ọwọ́ báwo?

ÀBÚRÒ: Ọ̀tún. Wọ́n á dì í bí ẹni di nǹkan mú, wọ́n á máa tì í síwájú, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń ti ilẹ̀kùn tí kò fẹ́ kó dún. Wọ́n á dúró. Wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀.

BỌ̀Ọ̀DÁ: Ìyẹn kì í ṣe ìrora.

ÀBÚRÒ: Kí wá ni?

BỌ̀Ọ̀DÁ: Wọ́n wà lẹ́nu iṣẹ́. Bí wọ́n bá ti irin ọwọ́ ọ̀tún síwájú, apá katakata ń lọ sílẹ̀ nìyẹn. Kékeré yẹn dà?

ÀBÚRÒ: Orí tábìlì. Òun ni wọ́n ń wò.

BỌ̀Ọ̀DÁ: Bọ́kẹ́ẹ̀tì tó fi ń kólẹ̀ ńkọ́, ṣé ó kanlẹ̀?

ÀBÚRÒ: Rárá. Mo gbé e sókè kí n lè nu eruku abẹ́ ẹ̀. Kò wá lọ sílẹ̀ mọ́. Mo rò pé mo ti bà á jẹ́ ni.

BỌ̀Ọ̀DÁ: Yéè! O ti gbàgbé ọ̀rọ̀ Bàbá? "Bọ́kẹ́ẹ̀tì kì í—"

ÀBÚRÒ: "—sùn lókè." Áà! Bàbá mi!

BỌ̀Ọ̀DÁ: Bí wọ́n bá fẹ́ ṣíwọ́, wọ́n á kọ́kọ́ gbé e kalẹ̀. Ẹ̀yìn ẹ̀ ni wọ́n tó ń pa ẹ́ńjìnnì. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, wọn ò ní sọ̀ kalẹ̀. Wọn ò ní wálé.

ÀBÚRÒ: Ẹ jẹ́ n tètè gbé e kalẹ̀ nígbà yẹn—

BỌ̀Ọ̀DÁ: Rárá! Dúró!

ÀBÚRÒ: Kí ló dé?

BỌ̀Ọ̀DÁ: Fi sílẹ̀ lókè. Please. Bó bá ṣì wà lókè, wọn ò ní lọ. Wọ́n á dúró dè mí. Màá bọ́ sílẹ̀, màá fẹsẹ̀ rìn, màá—

ÀBÚRÒ: Bọ̀ọ̀dá mi, ó ti rẹ̀ wọ́n.

BỌ̀Ọ̀DÁ: Mi ò tíì rí wọn!

ÀBÚRÒ: Mo mọ̀. Wọ́n ṣì ń ti ọwọ́ yẹn síwájú. Wọn ò sì fi sílẹ̀.

[Ẹ́ńjìnnì. Ẹkún ọkùnrin.]

ÀBÚRÒ: Ṣé ẹ gbọ́ mi?

BỌ̀Ọ̀DÁ: Síríńjì méjì wà lẹ́yìn ìjókòó ẹ̀. Omi inú wọn ló ń gbé apá ẹ̀. Ṣé o rí i?

ÀBÚRÒ: Mo rí i.

BỌ̀Ọ̀DÁ: Fa tọwọ́ ọ̀tún. Díẹ̀díẹ̀ o. Bó bá lọ já lulẹ̀ gbì, wọ́n á dìde nà ọ́. Kọ́kọ́ fi mí sí speaker.

ÀBÚRÒ: Ẹ máa sọ̀rọ̀. Etí wọn ni fóònù wà yìí.

BỌ̀Ọ̀DÁ: Bàbá, èmi ni. Èmi ni mo wà níwájú yín. Ilẹ̀ mọ́, kò séèyàn lábẹ́ ẹ̀. Ẹ máa gbé e bọ̀. Ẹ máa gbé e bọ̀... Ṣé ó ń lọ?

ÀBÚRÒ: Ó ń lọ. Wọ́n ń wò ó.

BỌ̀Ọ̀DÁ: Ẹ máa gbé e bọ̀, Bàbá...

ÀBÚRÒ: Ó ti kanlẹ̀.

BỌ̀Ọ̀DÁ: Ó ti kanlẹ̀, Bàbá. Ẹ pa á. Ẹ máa lọ sílé. Ẹ kú iṣẹ́. [Ẹkún.] Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá mi.

[Ẹ́ńjìnnì nìkan.]

ÀBÚRÒ: Bọ̀ọ̀dá mi, ọwọ́ wọn ti dúró.

BỌ̀Ọ̀DÁ: Kí lo wí? Ariwo yìí pọ̀. Ṣé o gbọ́ mi?

ÀBÚRÒ: Mo ní ó ti dúró. Ṣé ẹ gbọ́ mi? Bọ̀ọ̀dá, ṣé ẹ gb—

[Ìlà já.]